Má Ṣe Àmín Kí O Tó Ṣí Kápẹ́ẹ̀tì

Lótò, Mówè,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Jọ̀wọ́, má bínú pé mo gbójú gbóyà kọ̀wé sí ọ. Mo ṣèlérí níwájú ọkọ rẹ pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ tuntun yìí. Nígbà tí o sì sọ fún wa pé ìwọ ni ọ̀gá rẹ yàn láti lọ gba ọkọ̀ onílé náà, èyí tí àwọn àlejò arìnrìn-àjò afẹ́ yín yóò máa sùn sínú rẹ̀, ní Ìbàfò lọ́jọ́ Ẹtì, "Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn" nìkan ni mo sọ. Ó yẹ kí n fi mọ síbẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí n ó máa kọ́ ọ níṣẹ́? Ìwọ ti gboyè jáde láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Èmi ìyá rẹ, ọdún kìíní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ olópin-ọ̀sẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, tí wọ́n ń pè mí ní Màmá Ọdún Kìíní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní, "Màámi, mo ti gbọ́," kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, kírẹ́díìtì mi á sì tán. Nínú lẹ́tà, o kò lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Kí n tó sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mọ́ mi. Ẹni tó yàn ọ́ síṣẹ́ yìí ríran. Láti kékeré, bí mo bá mú ọ dání lọ ra ọsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lo máa ń yí wọn wò, wàá fi èékánná kan ìdí wọn, wàá gbóòórùn wọn, kí o tó sọ wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Ọlọ́sàn á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ọsàn náà ṣaya ni?" Ojú á tì mí, n ó fà ọ́ lọ́wọ́. Kò yẹ kí n fà ọ́ lọ́wọ́. Mo ti ń ronú sí i láti bí ọjọ́ mẹ́ta, mo sì rí i pé ohun tí mo rò pé ó jẹ́ àìgbẹ̀kọ́ lára rẹ ni ẹ̀bùn rẹ gan-an. Nítorí náà, kì í ṣe pé n kò fọkàn tán ọ. Ẹ̀rù tèmi ni pé mo ti lè kọ́ ọ ní ìtìjú tèmi láìmọ̀.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ti lọ wo ọkọ̀ náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí mo ṣe ń ti kíláàsì bọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìbàfò dípò kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní n ó kàn dúró lẹ́bàá títì, kí n yọjú wò ó lókèèrè. Ó wà níwájú gbogbo àwọn tòkunbọ̀ yòókù, ó funfun báláú, ó gùn, ìlà aláwọ̀ ewé kan sì wà ní ìhà rẹ̀. Ọ̀gá tó ń ta ọkọ̀ rí mi. Ó ní, "Ìyá, ẹ wọlé, ẹ wá wò ó. Wíwò kì í gbowó." N kò sọ fún un pé èmi ni ìyá ẹni tó ń bọ̀ wá gbé e. Mo wọlé.

Àbẹ̀kẹ́, àrà wà lọ́wọ́ ọmọ aráyé! Bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tábìlì kan tí wọ́n ń ká mọ́ ara ògiri bí ẹní. Ààrò gáàsì olójú méjì, fíríìjì kékeré, ilé ìyàgbẹ́ tí kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ń kó àwo sí lọ. Inú mi dùn bí ọmọdé. Mo ń ro bí àwọn àlejò yín yóò ṣe máa sùn sínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àpáta, tí wọ́n á jí, tí wọ́n á gbé tíì kaná láìjáde sí ìrì. Ọkùnrin náà sì lọ́yàyà. Ó fún mi ní ìgò mọ́ọ̀tì tútù kan, ó gba báàgì ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìyá onímọ̀!" Inú mi tún dùn.

Ohun méjì ni mo kíyè sí. Wọ́n ti fín nǹkan olóòórùn dídùn sínú ọkọ̀ náà débi pé imú mi ń ta mí. Kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tuntun pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ orí àga rẹ̀ ti ṣá. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n ṣí etí kápẹ́ẹ̀tì náà. Bí mo ṣe ń tẹ̀ síwájú báyìí, ọ̀gá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ìyá, tiyín náà á dé láìpẹ́. Ẹ ó fi í ṣe ìrìn ayọ̀. Ẹ ò ní fi í ṣe ìrìn ẹkún."

Mo ní, "Àmín o."

Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, ẹ̀yìn mi kò lè tẹ̀ mọ́. Báwo ni ènìyàn yóò ṣe máa tú ilẹ̀ ọkọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà fún un? Mo dúró, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló sọ pé, "Ọmọbìnrin kan ló ń bọ̀ wá gbé èyí lọ́jọ́ Ẹtì. Òun ò lè yọ mí lẹ́nu. Obìnrin kì í wo abẹ́ mọ́tò, Ìyá, àwọ̀ ni wọ́n ń wò."

Ọmọ mi, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ìwọ ló ń bú, èmi sì ń bá a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú mọ́ọ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìdí tí n kò fi lè dákẹ́ ni pé kì í ṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. O kò lè rántí bọ́ọ̀sì wa, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ nígbà náà. Ifọ̀ là ń gbé. Bàbá rẹ ti gbà pé òun yóò ra bọ́ọ̀sì kan, òun yóò máa fi í ná ojú ọ̀nà Àgbàdo. Ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kó lọ gbé e ló ṣubú lórí àkàbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ó wá rán èmi àti dírẹ́bà kan. Ó ní, "Wò ó dáadáa o." Mo ní mo gbọ́.

Mo gun bọ́ọ̀sì náà, mo ń rìn láàárín àwọn ìjókòó. Bàtà gogoro ni mo wọ̀, nítorí mo rò pé ìyàwó ẹni tó ń ra mọ́tò gbọ́dọ̀ múra. Nídìí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, gìgísẹ̀ bàtà mi rì díẹ̀ nínú rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún wa ti ń da omi sí táyà iwájú, ó ń ṣàdúrà, ó ní, "Ẹ ó lò ó pẹ́," gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ń dáhùn, èmi náà sì ti ṣe àmín. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò níbẹ̀. Mo fọwọ́ síwèé. Mo délé, bàbá rẹ bi mí pé, "Ó dáa?" Mo ní, "Ó dáa."

Kò pé oṣù méjì tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ jiná, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, tí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì náà fi já lójú ọ̀nà, nídìí ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, pẹ̀lú àpò gàrí lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ obìnrin kan há sínú ihò náà, ó bó yánnayànna. Ọlọ́run ló yọ wá, kò kú. Ní ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ ti gba àpò méjì lé iye tó máa ń kó. Ó sọ lójú gbogbo ayé pé ojúkòkòrò òun ló fọ́ bọ́ọ̀sì. Ó ta á fún àwọn onírin, ó padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà, kò sì gun orí ìjókòó dírẹ́bà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n bá ń kó àga àti bẹ́ẹ̀dì tó kàn lọ fún oníbàárà, bí ọkọ̀ kan bá lè kó o, ó ṣì máa ń ní kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn awakọ̀ Lótò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀mejì. Òun a máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ òtítọ́. Bàbá Ẹdẹ ni, pánẹ́bítà tó ń tún ara mọ́tò ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa ní Lótò báyìí. Nígbà yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ẹdẹ dé, yàrá kan ló háyà nínú ilé tí à ń gbé ní Ifọ̀. Òun ló gé ilẹ̀ bọ́ọ̀sì náà. Ó mú abala rẹ̀ kan wá fún mi lẹ́yìnkùlé, ó fọ́ ọ láàárín ìka méjì bí ìpékeré. Ó ní, "Ìyàwó, ìpẹtà yìí ju ọjọ́ orí ọmọ yín lọ. Kì í ṣe gàrí ló ṣe é. Ẹ ò wò ó ni?"

Mo ní, "Wọ́n ti ń gbàdúrà, mo sì ti ṣe àmín."

Ó ní, "Ṣé inú àmín lẹ fẹ́ kí àwọn èrò jókòó sí ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún bàbá rẹ. Ó ní òun kò ní sọ, ṣùgbọ́n òun yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo mọ́tò, kí n má bàa tún ṣe àmín fún ìpẹtà mọ́. Ó sì kọ́ mi. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, kò fi í bú mi rí. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ nípa ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ojú Bàbá Ẹdẹ ni mo máa ń rí bí wọ́n bá ń ṣe é. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nísàlẹ̀ yìí, tirẹ̀ ni. Bí mo bá ṣì í sọ, àṣìṣe náà tèmi ni.

Èkíní, ojúmọmọ ni kí o lọ, kí o sì wọ ṣòkòtò àtijọ́ àti bàtà pẹlẹbẹ. Bàtà gogoro a máa sọ òtítọ́ nípa ilẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lóru Ọjọ́bọ̀, dúpẹ́. Òjò kì í bá oníṣòwò ṣe àdéhùn, ibi tí ọkọ̀ náà ti ń jò ni yóò fi hàn ọ́.

Èkejì, má mu mọ́ọ̀tì rẹ̀ kí o tó parí. Kì í ṣe pé májèlé wà níbẹ̀. Ó ṣòro láti máa wá àléébù lára ọjà ẹni tí ohun mímu rẹ̀ ṣì tutù lọ́fun ẹni. Sọ pé, "Ẹ ṣeun sà, ẹ bá mi gbé e sí fíríìjì inú ọkọ̀ yẹn, kí a fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́." Bí ó bá ní làákàyè, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mọ irú ẹni tó dé.

Ẹ̀kẹta, òòfà wà nínú aṣọ pupa tí bàbá rẹ yóò gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bàbá rẹ rò pé nǹkan tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni, òótọ́ sì ni pé mo ń fi í ṣa abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹdẹ ló yọ ọ́ fún mi nínú sípíkà tó ti bàjẹ́. Fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má bàa ha ọ̀dà, kí o sì máa fi í rin ìhà ọkọ̀ náà, ní pàtàkì ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti òkè táyà. Ibi tí irin bá wà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tó bá ti já bọ́, a jẹ́ pé irin ibẹ̀ ti jẹ, wọ́n fi àmọ̀ dí i, wọ́n kùn ún. Òkè ọkọ̀ náà kì í ṣe irin, nítorí náà má jẹ́ kí ti ibẹ̀ dẹ́rù bà ọ́.

Wo nọ́ńbà tó wà lára egungun ọkọ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí wọ́n bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Wo ara táyà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀ nínú àmì róbótó kékeré kan, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà lè dúdú kó máa dán, kó sì ti darúgbó. Èmi kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Inú mi máa ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì ti wo táyà gbogbo ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ lọ sí kíláàsì.

N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Ilé ni ọkọ̀ yìí, nítorí náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ háyà ilé. Ní kí wọ́n pọn omi sínú táńkì rẹ̀ kó kún, kí o ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, kí o sì wo abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Po ọṣẹ mọ́ omi, fi í pa gbogbo oríkèé ọ̀nà gáàsì, bí ìfófòó bá ń yọ níbì kan, gáàsì ń jò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣá iná. Fi ọwọ́ tẹ ara ògiri nínú, ní ìgun òkè àti abẹ́ fèrèsé. Ògiri tó bá rọ̀ ti mu omi. Tan gbogbo iná. Dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, kí o wo òrùlé, ibẹ̀ ni àmì omi máa ń sá sí. Ní kí wọ́n wà á lọ sí ojú títì kí ẹ sì padà, kì í ṣe yíká ọgbà wọn nìkan. Ohunkóhun tó o bá rí, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí òun náà fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà, kápẹ́ẹ̀tì. Ṣí i. Kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan, ká a kúrò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò. Bí ilẹ̀ náà bá le, tó gbẹ, ẹ jọ tẹ́ ẹ padà, kí o sì tọrọ àforíjì bí o bá fẹ́. Bí ó bá rọ̀, má fọwọ́ síwèé. Mo mọ̀ pé o ṣì wà nínú oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán ọ wò, ọ̀gá rẹ sì ti sọ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí i ló ni àbùkù rẹ̀. Ó sàn kí o padà lọ́wọ́ òfo kí o sì ṣàlàyé, ju kí o gbé ihò tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bò wá fún un. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí o bá dákẹ́ lọ́jọ́ tó o rí i, ìwọ ni yóò máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Yóò gbàdúrà. Kò burú. Èmi kò ní kí o kọ àdúrà. Sọ fún un pé, "Sà, ẹ jẹ́ kí n wò ó tán, kí n lè ṣe àmín tó dé inú." Bí ó bá fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, bá a rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé abẹ́ mọ́tò ni o ti ń rẹ́rìn-ín náà.

O lè máa sọ pé, "Màámi, ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́n?" Rárá. Nínú ìdánwò tí a ṣe kẹ́yìn, mo gbàdúrà lórí ìwé ìbéèrè, mo ṣe àmín, mo dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, mo sì jókòó, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí a jáde ni mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń jiyàn lórí ìbéèrè kẹrin. Ó wà lẹ́yìn ìwé. N kò yí i padà. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún ní gbangba. Bí mo bá sọ fún ọ pé kí o wo abẹ́ nǹkan, kì í ṣe ẹni tó ti borí ló ń sọ ọ́. Ẹni tó ṣì ń ṣubú síbẹ̀ ni.

Bí o bá fẹ́ ẹni tí yóò bá ọ sùn lélẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà, mú bàbá rẹ dání. Lọ́jọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá ra pákó ní Àgbàdo, yóò ya ilé rẹ, yóò sì fún ọ ní lẹ́tà yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Kò ní ṣí i, kò ṣí lẹ́tà ẹlẹ́tà rí láyé rẹ̀. Kò sí ẹni tí mo mọ̀ tó ń fi sùúrù wo nǹkan bíi bàbá rẹ. Láti ọdún bọ́ọ̀sì yẹn ló ti dà bẹ́ẹ̀, ó ń san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Bí mo bá rí i tó ń ní kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀ fún un láàárín títì.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, fi lẹ́tà yìí pa mọ́. Má fi han ọkọ rẹ, má fi han àwọn àbúrò rẹ. Bí bàbá rẹ bá bi ọ́ pé kí ni ìyá rẹ kọ, sọ pé mo ní kí o má wọ bàtà gogoro lọ sí Ìbàfò. Kì í ṣe irọ́.

Kì í ṣe títí ayé ni mo ní kí o pa á mọ́. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì péré ni. Kí ẹ̀yin méjèèjì ti Ìbàfò yà sílé lọ́dọ̀ mi, n ó ti se oúnjẹ sílẹ̀ dè yín. Bí ẹ bá wọlé, tí bàbá rẹ sì sọ fún mi pé o ká kápẹ́ẹ̀tì náà lójú ọkùnrin yẹn, yálà ilẹ̀ rẹ̀ dára tàbí kò dára, n ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe fún ẹni tí mo bí. N ó ní kó jókòó. N ó sọ fún un pé kì í ṣe àpò gàrí méjì yẹn. Títí dìgbà náà, ọmọ mi, bá mi pa ẹnu mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń bẹ̀rù nítorí ara rẹ̀, tó sì ń yangàn nítorí rẹ.